Ṣé iyùn máa ń hù padà?

Ìbéèrè: Mo ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ọjà Kàbà. Ìyá ìyàwó kan tó fẹ́ ra iyùn ní ọmọ òun tó wà ní yunifásítì sọ pé ẹranko ni, pé wọ́n ti fẹ́ pa á tán. Ẹni tí mò ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní bí wọ́n bá ṣe ń gé e ló ṣe ń hù, bí ewúro. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Òkun o, màmá. (Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, kíkí wa nìyẹn o. Omi òkun ń bọ̀ níwájú.)

Ọmọ náà ló jàre pé ẹranko ni iyùn. Ó lè padà, àmọ́ kì í ṣe bí ewúro.

Èyí tó ń mọ òkìtì àpáta nínú òkun ilẹ̀ olóoru ni iṣẹ́ mi dá lé. Ní Great Barrier Reef, ọ̀kan lára irú òkìtì àpáta bẹ́ẹ̀ ní Ọsirélíà, lẹ́yìn tí òṣùpá bá ti kún tán ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, oríṣiríṣi iyùn á jọ tú ẹyin àti àtọ̀ sómi lóru, bí èsúnsún ṣe ń tú jáde lẹ́yìn òjò. Ọmọ tí wọ́n bí kéré bí orí abẹ́rẹ́, á sì máa léfòó kiri fún ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bíbí wọn kọ́ ni ìṣòro, ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí ni. Ọmọ iyùn á máa fara kan àpáta, á máa tọ́ ọ wò. Ohun tó ń wá ni irú koríko omi pupa kan tó le bí òkúta, tó ń bo àpáta bí ọ̀dà. Tó bá rí i, á lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ kan, kò sì ní ṣí kúrò níbẹ̀ mọ́ láyé. A máa ń ri táìlì amọ̀ sómi fún wọn. Mo yí ọ̀kan padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú mi ò rí nǹkan kan. Àfìgbà tí mo gbé awò lé e ni mo tó rí òrùka funfun wẹ́wẹ́, ìlà inú rẹ̀ dà bí ti ọsàn tá a gé ní ìbú.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í dàgbà. Koríko omi mìíràn á bò wọ́n, àfi tí ẹja tó ń jẹ koríko bá ń bá wọn ro oko. Ní Kàríbíánì lọ́dún 1983, àrùn pa ẹran omi kan tó lẹ́gùn-ún lára bí òòrẹ̀, òun ló ń jẹ koríko náà. Igbó bá bo àpáta. Ẹrẹ̀ náà ń pa wọ́n. Omi Ọya àti Bẹ́núé tó pàdé ní Lọ́kọ́ja ń kó ẹrẹ̀ lọ sókun, ó wà lára ohun tí etíkun wa ò fi ní irú àpáta bẹ́ẹ̀. Tí ooru bá sì pa àwọn ìyá, ọmọ dà? Ooru ọdún 2016 àti 2017 pa púpọ̀ ní Ọsirélíà. Nígbà tó di 2018, ọmọ tó balẹ̀ ti fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti tẹ́lẹ̀.

Iyùn pupa tí ẹ̀ ń tà, ìbátan wọn ni, òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá. Tiẹ̀ tún lọ́ra jù: kì í fi mìlímítà kan nípọn sí i lọ́dún. Ẹ bi oníṣòwò yín léèrè ewúro tó ń hù báyẹn.

Èmi ì bá máa ra ti àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó fẹ́ tà, kí n tún un sín sí okùn tuntun.