Ọ̀nà BRT Tó Dà Bí Ẹni Pé Ó Ṣófo: Ìdáhùn sí Ìyá Kan ní Ìkòròdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé, CMS ní Erékùṣù Èkó ni ibi iṣẹ́ mi wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde nílé, síbẹ̀ mo máa ń pẹ́ dé nígbà mìíràn nítorí pé a máa ń tò fún bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa láti fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà sọ lórí WhatsApp pé bí ìjọba bá lè ṣí ọ̀nà BRT tó ṣófo yẹn, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yóò tán. Ṣé kí n rà á báyìí, àbí kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣí i?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ìdájí. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rírà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni yẹn, nítorí pé òun ni ó ń ba ìṣirò yín jẹ́. Àìmọye ènìyàn ni ó ti fi ohùn tí ó gbà sílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi, inú sì ń bí mi sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ ètò ìrìnnà fún oṣù kan péré mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa gan-an ni ó máa ń dà bí èyí tó ṣófo.

Ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ọjọ́ta ní aago méje àárọ̀, kí ẹ kọjú sí apá Kétu, kí ẹ sì máa wo aago ọwọ́ yín. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ óò rí nísàlẹ̀ kò lóǹkà, imú ọ̀kan ń kan ìdí èkejì, àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ń gba àárín wọn kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo inú wọn dáadáa, awakọ̀ nìkan ni ẹ óò bá nínú ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú báàgì tó gbé sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà BRT, ẹ lè má rí nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì kan yóò kọjá, tí èrò inú rẹ̀ kún débi pé àwọn tó wà lórí ìdúró di irin òkè mú, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó ti lọ. Ojú yín yóò sọ fún yín pé ẹ̀gbẹ́ tó kún ni ó ń kó ènìyàn, ojú yín kò sì ní sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìlà kan lójú títì, ìyẹn àyè tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò lè gbà ju nǹkan bí 1,800 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ ní wákàtí kan, àní bí gbogbo wọn bá ń sáré láìdúró. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ méjì, ènìyàn 2,700 nìyẹn. Láàárọ̀, ta ni ó ń sáré ní Ìkòròdú Road? Iye tó ń kọjá gan-an kéré sí èyí púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì ńlá tó kó 70 ènìyàn bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 4,200 ni yóò kó ní wákàtí kan náà, ìlà náà yóò sì máa dà bí èyí tó ṣófo lójú ẹni tó há sínú gosiló.

Ká ní wọ́n tilẹ̀ ṣí i lónìí, àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n lágbára ọkọ̀ yóò rà á, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń gbèrò, àwọn tó ń jí jáde kí títì tó kún yóò sì sùn di aago mẹ́fà, ìlà tuntun náà yóò sì kún. Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà fẹ títì Katy Freeway títí ìlà rẹ̀ fi lé ní 20 ní àwọn ibì kan, wọ́n parí rẹ̀ ní 2008. Kí ó tó di 2014, àkókò tí awakọ̀ ń lò lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ti tún ń gùn sí i. Nílé níbí, ní 1977, wọ́n pàṣẹ ní Èkó pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì àti èyí tí kò ṣeé pín kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà. Kí ni àwọn tó lówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì.

N kò ní tàn yín jẹ o: ìgbà mìíràn wà tí ọ̀nà BRT máa ń dá páropáro lóòótọ́, nítorí pé bọ́ọ̀sì kò tó, tí àwọn mìíràn sì bà jẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìbínú yín kọjú sí. Ọ̀nà náà ti wà láti Mile 12 dé CMS láti oṣù kẹta ọdún 2008, ó sì dé Ìkòròdú ní 2015. Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa béèrè.

Nípa ọkọ̀ rírà, bí ó bá jẹ́ torí CMS nìkan ni, ẹ má rà á. Inú gosiló tí bọ́ọ̀sì ń fi sílẹ̀ lọ ni yóò jókòó sí. Ẹ bi ẹni tó ń wakọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù léèrè iye tó ń ná sórí epo àti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́sẹ̀ kan, ẹ fi owó mẹkáníìkì àti gbèsè ẹgbẹ́ kún un, kí ẹ wá fi wé owó bọ́ọ̀sì yín. Ẹ máa fi owó sínú káàdì Cowry tí ẹ fi ń san owó bọ́ọ̀sì láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ tún lè fi ọ̀sẹ̀ kan dán ọkọ̀ ojú omi wò láti Ìpakodò, ṣùgbọ́n ẹ wọ ẹ̀wù ààbò, ẹ má sì wọ̀ ọ́ bí ìjì bá ṣú.

N kò mọ bí ètò owó ilé yín ṣe rí, n kò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń dùn yín tàbí bóyá ọmọ kékeré wà tí ẹ ń gbé kiri. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ má fi wọ ọ̀nà BRT lọ́jọ́ kan, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ṣáájú yín wọ ibẹ̀: òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 kà á léèwọ̀, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tí ẹ kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán.