Òtútù pápá Lambeau
Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo fẹ́ lọ wo Packers, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní pápá Lambeau ní ìlú Green Bay ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Kejìlá. Báwo ni mo ṣe máa dènà òtútù?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Pápá náà kò ní òrùlé, kọnkéré ilẹ̀ sì máa ń fa ooru ara lọ. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ bàtà, kí ẹ sì jókòó lórí tìmùtìmù. Ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tí bàtà bá máa há. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa, ọmọ ìka á kú tipiri. Kí aṣọ inú má jẹ́ òwú: ó ń mu òógùn, á wá tutù mọ́ yín lára. Ẹ fi onírun àgùntàn lé e, lẹ́yìn náà èyí tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá. Àpò inú ni kí fóònù wà, òtútù tètè ń pa bátìrì, tíkẹ́ẹ̀tì yín sì wà lórí rẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1967, òtútù ibẹ̀ tó -25°C.