Kí ẹ tó fowó ọ̀kadà àlòkù ránṣẹ́ sílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé àbúrò kan nílé ti rí ọ̀kadà àlòkù tó fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Kánádà ló máa sanwó, fọ́tò mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi ránṣẹ́. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe máa mọ̀ pé ọkọ̀ náà ṣì dáa, pé kì í sì í ṣe ẹrù olè?

Fọ́tò ò lè sọ ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ta ọ̀kadà á fọ̀ ọ́, á fi ọ́ìlì nu àwọn rọ́bà ẹ̀ kó lè máa dán, á lẹ síkà tuntun mọ́ táǹkì, á rán ìjókòó míì sí i. Gbogbo ẹ̀ ò ju iṣẹ́ àárọ̀ kan lọ. Èyí tí kò lè tún ṣe láàárọ̀ kan ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò: nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin, ẹ́ńjìnnì tó tutù, àti férémù, ìyẹn egungun irin ọkọ̀ náà.

Nọ́ńbà ló ṣáájú, torí bí nọ́ńbà ò bá ti bára mu, kò sídìí tá a fi ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́. Nọ́ńbà ṣásí wà lára ọrùn férémù níbi tí ọwọ́ ọ̀kadà ti ń yí, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń wà. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀, lápá òsì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ráàgì àti pẹtiróò díẹ̀ nu ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n fi fáìlì irin ha hàn, bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò. Nọ́ńbà tó ti ilé iṣẹ́ wá máa ń tò dọ́gba, ó sì máa ń jìn dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wọ́, tí ọ̀kan jìn ju èkejì lọ, tàbí tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀dà ti tuntun lára férémù tó ti ń dógùn-ún, ẹ má wulẹ̀ dúnàádúrà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló máa ń wà nínú nọ́ńbà ṣásí òde òní, kì í sì í sí I, O tàbí Q níbẹ̀. Lẹ́tà tó ṣíwájú ń sọ ibi tó ti wá: L ni Ṣáínà, M tí ọ̀kan nínú A sí E bá tẹ̀ lé ni Íńdíà. Ẹni tó bá ń búra pé Íńdíà ni ọkọ̀ òun ti wá, tí L wà lórí ṣásí, ó lóhun tó yẹ kó ṣàlàyé.

Ẹ wá gbé nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kẹ́ ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìwé tá à ń wí ni Proof of Ownership, vehicle licence, ìwé insurance, àti rìsíìtì tí wọ́n fi rà á ní tuntun. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà nílé ni wọn ò ṣe ìwé ẹ̀ rí. Nírú ìyẹn, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù tí nọ́ńbà ṣásí wà lórí ẹ̀ ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù. Bí kò bá sí ìyẹn náà, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí owó ẹ̀ rọjú tó. Bó bá ní pléètì, ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò níbi tẹ́ ẹ wà lórí nvis.frsc.gov.ng ti àwọn Road Safety, kẹ́ ẹ mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n fi pléètì yẹn sílẹ̀ fún. Tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá jáde, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àmọ́ kí pléètì bára mu ò túmọ̀ sí pé wọn ò jí ọkọ̀ náà. Central Motor Registry àwọn ọlọ́pàá ni àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n jí wà.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì tẹ́ ẹ fúnra yín sanwó fún ni kó lọ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà, kó sì lọ láàárọ̀ kùtù. Kó pè yín lórí fídíò kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì àti sáílẹ́ńsà kẹ́ ẹ rí i. Bó bá ti gbóná, ẹ ní kí wọ́n dúró títí á fi tutù tàbí kẹ́ ẹ mú ọjọ́ míì. Àwọn tó ń tà á máa ń tan án sílẹ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ríìnì ẹ̀, òrùka irin tó wà lára písítìnì, ti jẹ kì í tètè jí bó bá tutù, bó bá sì ti gbóná tán, irin á ti fẹ̀ díẹ̀, ariwo á ti dín kù.

Bó bá jí, èéfín ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tó funfun fẹ́rẹ́fẹ́ láàárọ̀, tó sì pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi lásán ni. Èéfín dúdú, epo ló ń pọ̀ jù. Kábúrétọ̀ tàbí fílítà ni, ìyẹn ò le. Èyí tó ní àwọ̀ aró ló ń jẹ owó, torí ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Kí mẹkáníìkì jẹ́ kó máa sáré jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó wá fún un ní throttle lójijì, ìyẹn ni pé kó yí ọwọ́ tó ń fún un lépo: bí èéfín aró bá tú lẹ́ẹ̀kan tó sì dáwọ́ dúró, síìlì fááfù ló ṣeé ṣe kó jẹ́, iṣẹ́ kékeré. Bó bá ń tú lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gba agbára, pàápàá tó bá gbé èèyàn, ríìnì àti sílíńdà ti lọ. Ẹ fowó iṣẹ́ yẹn kún iye tí wọ́n pè é kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Kó tú pulọ́ọ̀gì. Tí ẹnu ẹ̀ bá ní àwọ̀ búráùn tó gbẹ, ó dáa; tó bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ẹjọ́ ríìnì náà la tún padà sí. Kó wo ọ́ìlì pẹ̀lú. Bó bá funfun bíi kòkó onímílíìkì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tónítóní tó sì ki jù, torí àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì tó ki bo ìró àti èéfín mọ́lẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá gbowó. Ìró tẹ́-tẹ́-tẹ́ lókè ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ táàpẹ́ẹ̀tì lásán, títún un ṣe kì í pẹ́. Ìró tó wúwo nísàlẹ̀, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ́ńjìnnì bá ń gba agbára, ìdí kọ́nọ́ròòdù, irin tó so mọ́ písítìnì, ni, kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Kí ó gùn ún. Ní jíà kẹta, kó fún un ní throttle dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ ò sì yára sí i, klọ́ọ̀ṣì ń yọ̀.

Férémù ni èèyàn ń gbójú fò jù. Ọ̀kadà tó ti ń kó ẹrù tàbí tó gbé àpótí dispatch rí, ibi tí kárià ti so mọ́ férémù lẹ́yìn ló ti máa ń sán. Kí wọ́n wo abẹ́ ìjókòó bóyá wọ́n ti jó irin ibẹ̀ pọ̀ rí. Kí wọ́n wo abẹ́ ọrùn férémù náà: ọ̀dà tó wú tàbí tó hunjọ níbẹ̀ ń sọ pé ó ti fi iwájú kọ nǹkan. Kí wọ́n na okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì láti ẹ̀yìn dé iwájú láti mọ̀ bóyá wọ́n wà lójú ìlà kan. Kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ń há láàárín, bíárìn ọrùn ti jẹ. Kí wọ́n mi táyà ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, kò gbọ́dọ̀ jó. Kí wọ́n fa ṣéènì sẹ́yìn kúrò lára sprocket ẹ̀yìn, irin eléyín tí ṣéènì ń yí. Bí ìdajì eyín bá hàn, ṣéènì àti sprocket méjèèjì ni wọ́n máa pààrọ̀ pọ̀, torí ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ti bátìrì: kí mítà fi bí 12.5 fólítì (volt) hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5 nígbà tó bá ń sáré. Nọ́ńbà mẹ́rin lára táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ má ka iye kìlómítà tó wà lójú mítà ọkọ̀ sí rárá. Wáyà mítà náà kì í pẹ́ já.

Bó bá jẹ́ Èkó ni àbúrò ti fẹ́ fi gbé èrò, láti 1 June 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland, wọ́n sì fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Muṣin àti Ṣómólú kún un ní September ọdún yẹn. Èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n máa ń rún un mọ́lẹ̀ ni.

Nígbà tó bá kan owó, àkáǹtì tí orúkọ orí ẹ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu ni kẹ́ ẹ san án sí, kì í ṣe ti àbúrò ẹni tó ń tà. Bí orúkọ bá yàtọ̀, kí ẹni tó ni ìwé yọjú. Ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ṣásí, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, iye owó, ọjọ́, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ẹ̀dà NIN ẹni tó tà á, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan lápá kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ṣe change of ownership lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e délé, torí ẹni tó tà á lè ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́.