Ṣé Kí N Gbé Tom Brown Ọmọ Mi Lọ sí Láàbù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ti pé oṣù 8. Tom Brown tí mo fi àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà lọ̀ ni mò ń pò fún un. Aládùúgbò mi kan ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin lè wà nínú ẹ̀pà. Ṣé kí n bu ṣíbí méjì lọ fún àyẹ̀wò? Àbí tó bá ti hó dáadáa, kò séwu mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ti iná ni kí n kọ́kọ́ mú: rárá o. Aflatoxin kì í ṣe kòkòrò tí ooru ń pa. Oró tí èbu ti tu sínú hóró ni, èbu tó máa ń hù lára ẹ̀pà tí kò gbẹ. Bí ẹ sè é di ọ̀la, púpọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ṣíbí méjì, oró yìí kì í pín dọ́gba. Nínú àpò ẹ̀pà kan, hóró mélòó kan péré ló lè gbé gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣe àyẹ̀wò ní láàbù fi máa ń bù láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, tí a ó lọ̀ ọ́ kúnná, tí a ó pò ó pọ̀, kí a tó wọn gíráàmù díẹ̀. Fún àyẹ̀wò, èyí tí ẹ ti lọ̀ sàn ju odidi lọ, àmọ́ èsì rẹ̀ kò kan ẹ̀pà tí ẹ máa rà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń lọ̀ Tom Brown tà ló yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà tó bá lọ̀ tuntun. Ẹ̀yin, ẹ fowó yín ra ẹ̀pà gidi.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe tòní. Jíjẹ ẹ́ lójoojúmọ́ la ń bẹ̀rù, torí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní 2002, ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 480 ní Benin àti Togo: àmì rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdá 99 nínú 100 wọn, àwọn tó kúrú tàbí tó rù ló sì ní i jù. Ìwọ̀n tí Yúróòpù gbà láàyè nínú oúnjẹ oníhóró fún ọmọ ìkókó dà bí gíráàmù 1 nínú àpò àgbàdo 100,000, tí àpò kọ̀ọ̀kan wọn kílò 100.

Ẹ má ra ẹ̀pà lílọ̀. Ẹ yan odidi, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ là á sí méjì lójú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá hunjọ, tó dúdú, tó bu, tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má dà á fún adìẹ o: tòlótòló tó lé ní 100,000 ló kú ní Ẹ̀ńgílándì ní 1960 nítorí ẹ̀pà irú ẹ̀, ibẹ̀ la sì ti mọ aflatoxin.