Káńfọ̀ Lára Sányán Ìyá Àgbà

Ìbéèrè

Mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá tó bí ìyá mi fi ìró sányán kan sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó papò dà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà nínú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Nígbà tí mo tú u, òórùn káńfọ̀ mú kí omi máa dà lójú mi. Mo wọ́n lọ́fíńdà sí i, ó tún wá burú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́. Oyún oṣù méje wà nínú mi, ó sì wù mí kí n fi aṣọ náà wé ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí ni kí n ṣe?
*Aláboyún, Òṣogbo*

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ire ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń rò, ṣùgbọ́n má gbé omi gbígbóná sún mọ́ aṣọ yẹn. Ọmọ ọlọ́jà aṣọ òkè ni mí. Ọjà Ọjẹ́ n'Íbàdàn ni màmá mi ti tà á títí ọjọ́ ogbó fi dá wọn jókòó sílé. Ní ọdún 1998, mo mú ẹtù wọn tí káńfọ̀ ti wọ̀ lára, mo rì í bọ inú bàsíà ọṣẹ. Kí n tó padà dé ìdí rẹ̀, omi ti dúdú bí omi ìkòkò aró. Àwọn ìlà funfun tín-ín-rín tó mú kí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ ẹtù pe aṣọ náà ti mu aró, wọn ò hàn mọ́. Nígbà tó gbẹ, tí mo fi áyọ́ọ̀nù kàn án, òórùn káńfọ̀ tún gba inú yàrá. Màmá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbé aṣọ lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìlà wà.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé káńfọ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí tí ọṣẹ lè mú. Náfútálíìnì ni ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rà lọ́jà, kì í sì í yòrò nínú omi. Kì í di omi kó tó fò lọ, láti hóró ló ti ń di afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí hóró ńlá tí o fi sínú àpótí lónìí fi ń di bíńtín bó bá pẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbé e wọnú aṣọ, afẹ́fẹ́ náà ni yóò gbé e jáde.

Sányán tún ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ lóòótọ́, kì í ṣe òwú. Okùn tí kòkòrò inú igbó ta ni wọ́n ràn tí wọ́n fi hun ún, òun ló sì fún un ní àwọ̀ ilẹ̀ yẹn. Okùn yìí kò fẹ́ ọṣẹ líle. Ọṣẹ dúdú pàápàá, eérú ni wọ́n fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ okùn náà.

Nítorí oyún inú rẹ, jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ ṣe é, kó sì gbé àpótí jáde sí gbangba kó tó ṣí i. Kó kó gbogbo hóró kúrò, kó wo inú ìṣẹ́po aṣọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ti kéré bí orí abẹ́rẹ́ máa ń há sí. Kó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn ò sì dé, kó tẹ́ aṣọ lé e. Má jẹ́ kí wọ́n sá a sórí wáyà: wáyà máa ń dípẹtà, àbàwọ́n ìpẹtà sì ṣòro í yọ. Oòrùn ọ̀sán gangan á lé káńfọ̀ lọ kíákíá, á sì lé àwọ̀ lọ pẹ̀lú. Ẹ máa yí i padà láràárọ̀, ẹ sì máa kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kó má jáde rárá, kó má lọ hu èébu. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù.

Bó bá kù díẹ̀, fọ́ èédú sínú abọ́, fi aṣọ funfun bò ó lójú, gbé e sínú àpótí mìíràn tó mọ́ pẹ̀lú sányán náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Èédú máa ń fa òórùn mọ́ra. Kó má kan aṣọ o! Má sì gbára lé imú ara rẹ láti mọ̀ pé ó ti tán, ó ti mọ́ ọn lára. Ní kí ẹni tó ń ti ìta bọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di aṣọ mú kó gbóná, kó wá gbóòórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nítorí ọmọ inú rẹ ni mo ṣe fi lẹ́tà rẹ ṣíwájú. Mo bẹ̀ ọ́, má fi aṣọ yìí wé ọmọ tuntun, má fi pọ́n ọn, má sì kó o sí yàrá tó ń sùn. Àwọn kan wà tí èròjà G6PD inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ó wọ́pọ̀ láàrin wa: nínú ọkùnrin Yorùbá mẹ́wàá, ó tó nǹkan bíi méjì, a kì í sì í mọ̀ ọ́n lójú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa náfútálíìnì símú, tàbí tó bá gba ara rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ á máa fọ́. Ojú àti awọ ara rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, bó bá sì le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ lò tí wọ́n fi káńfọ̀ tọ́jú. Bí o bá rí i tí ojú ọmọ pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ lọ́jọ́ náà, má dúró máa gbé e sí oòrùn àárọ̀.

Àńkárá tuntun tí o ti fọ̀ dáadáa ni kí o fi wé e lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Jẹ́ kí sányán wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán pátápátá. Bí o bá fẹ́ kó o pa mọ́ lẹ́yìn náà, aṣọ òwú funfun tó mọ́ ni kí o fi wé e, kí o máa tú u sí atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Má tún fi káńfọ̀ sí i.

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà kan tó rẹwà gan-an. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá gbẹ, kì í rùn, àmọ́ tí mo bá ti làágùn báyìí, abíyá rẹ̀ á máa rùn bí ẹni tí mi ò mọ̀ rí.
*Olùkọ́, Ìkòròdú*

Ìdáhùn

Ọ̀gá, òógùn ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí polyester lára lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀, òróró ara máa ń dì mọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ju òwú lọ. Ẹ da inú rẹ̀ síta. Ẹ po ife fínígà funfun kan mọ́ ife omi mẹ́ta, ẹ rẹ abíyá nìkan sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Ẹ má ṣe da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìsì láéláé, atẹ́gùn tó ń jáde lára wọn lóró. Ẹ má sì lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà títí òórùn yóò fi tán, torí ooru áyọ́ọ̀nù á jẹ́ kó wọra sí i. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí kò lọ, ẹ jẹ́ kí télọ̀ gé abíyá náà kúrò, kó fi aṣọ mìíràn dí i.