Wọ́n ní wáyà làwọn máa fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú ìbàdí àbúrò mi

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò kọlu àbúrò mi lórí ọ̀kadà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní la ikùn, wáyà làwọn máa kì bọ inú iṣan rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá. Ṣé wọn ò fẹ́ fi í dánra wò?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á gbé e dìde. Wọn ò fi í dánra wò o. Ọdún 1953 ni Seldinger, dókítà ará Sweden, ti fi ọ̀nà wáyà yìí han ayé.

Tó bá jẹ́ àbúrò tèmi ni, òun ni màá yàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ìbàdí máa ń ṣù jọ sẹ́yìn awọ tó bo ìfun, níbi tí àyè ò ti pọ̀. Bó ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ló ń fún àwọn iṣan tó ya mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá la ibẹ̀, ohun tó fún wọn mọ́lẹ̀ tú nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ á ya, iṣan tó ń jò á rì sínú ẹ̀jẹ̀, ojú oníṣẹ́ abẹ ò ní tó o mọ́.

Lókè itan, níbi tí ọwọ́ ti ń gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù, ni wọ́n á ti fi oògùn pa ìrora ibẹ̀, tí abẹ́rẹ́ á gbà wọlé. Wáyà á tẹ̀ lé e, rọ́bà tín-ín-rín á gun wáyà lọ. Wọ́n á rọ oògùn tí X-ray ń rí sínú rọ́bà náà, wọ́n á sì máa wò ó lójú ẹ̀rọ títí wọ́n á fi rí ibi tó ń jò. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á fi wáyà kékeré tó ká bíi sípíríǹgì sí, tàbí fóòmù tí ara máa yọ́ fúnra rẹ̀ tó bá yá. Ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn, ojú ibẹ̀ á dí.

Àmọ́ èyí tó ń jò látinú egungun fúnra rẹ̀, dídi ìbàdí pinpin ni wọ́n sábà fi ń ká a. Bí ẹ̀dọ̀ bá sì ya, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín ń já wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára, wọ́n lè ní kí wọ́n la ikùn. Ẹ má bá wọn jà.

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀. Bí ò bá tó, kí ẹbí lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Bí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún wọn, torí oògùn X-ray yẹn lè pa kíndìnrín lára. Tí wọ́n bá ṣe tán, kó na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ fún wákàtí bíi mélòó kan. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá wú, tàbí ẹsẹ̀ tutù, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá.