Ọmọ mi ní kí ló gbà lọ́wọ́ ẹja yẹn

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. A gbé Tolú lọ sílé l'Ẹ̀pẹ́ lásìkò hólídè, ìyá mi mú u dání lọ ra ẹja àrọ̀ lọ́jà Olúwo, látìgbà tá a ti padà sí Manchester kò jẹ́ n sinmi. Ó ní ìyá ẹlẹ́ja fi kùmọ̀ gbá ẹja kan lórí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnu ẹ̀ ṣì ń ṣí ó ń pa dé, àmọ́ nígbà tó já bọ́ padà sínú baàfù ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn tó kù dúró lóòró. Ó ní kí ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Ó tún ní tóun bá ti fọwọ́ gbá baàfù, wàì, gbogbo wọn á ti yí. Mo ní kó lọ bi tíṣà ẹ̀, ó ní tíṣà ò mọ ọjà Olúwo. Ọmọ ọdún 9 o! – Ìyá Tolú

Ìyá Tolú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ yẹn lójú jàre, ẹ má bá a wí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lèmi náà, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe ní Toronto níbí, ẹja ni mò ń bọ́ ní lábù yunifásítì, ìyẹn ni mo ṣe mọ díẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí kùmọ̀ bà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja kì í gbá imú, wọn kì í gbá ẹ̀yìn, ìpàkọ́ ni. Abẹ́ eegun ibẹ̀ ni ìdí ọpọlọ wà, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹnu tó ṣì ń ṣí yẹn, ibẹ̀ náà ló ń darí mímí, ó jọ pé apá kan ló fara gbá tí èkejì ò tíì kú.

Ẹja ò kàn dúró lóòró lásán o. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, ìsàlẹ̀ fúyẹ́ òkè wúwo, bí ìgbà téèyàn bá so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ abẹ́ pákó tó wá to iyanrìn sórí ẹ̀, tẹ́nì kan ò bá dì í mú á dojú dé. Àwọn neuron ìdí ọpọlọ, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ọpọlọ, ló ń dì í mú. Ẹja létí, inú orí ló fi pamọ́ sí, òkúta tíntìntín wà níbẹ̀ lórí irun tó kéré jù ú lọ, tí ẹja bá fì, òkúta á fa irun, iṣẹ́ á dé ìdí ọpọlọ, ibẹ̀ á ránṣẹ́ sí iṣan. Zebrafish, ẹja kékeré abilà kan, la ní ní lábù, ọmọ ẹ̀ ò ju bíi mílímítà 4 lọ, ara ẹ̀ mọ́ gaara débi pé wọ́n ń wo ọpọlọ ẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá dà á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á kàn rọra tẹ ara díẹ̀ báyìí, ìwúwo àti àpò afẹ́fẹ́ á sún kúrò lórí ara wọn, á sì dìde padà.

Yíyà wá lọ́tọ̀. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ lọ́sà wa, gbogbo èèyàn ń wà á lọ síwájú, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kàn fi àjẹ̀ ṣe kiní kan báyìí, ọkọ̀ ti yà. Ẹni ìdí ọkọ̀ yẹn náà wà nínú ẹja, neuron díẹ̀ lápá òsì, díẹ̀ lápá ọ̀tún. Wọ́n fi iná lésà pa ti ẹ̀gbẹ́ kan rí, ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, àmọ́ tó bá fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, iwájú gbọnrangandan ló ń lọ!

Ti baàfù tó gbá, neuron ńlá méjì ló ṣáájú nídìí ẹ̀, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Mauthner lorúkọ wọn, dókítà kan, Ludwig Mauthner, ló kọ nípa wọn lọ́dún 1859. Okùn ti òsì ń sọdá sọ́tùn-ún, tí ariwo bá ti òsì wá, iṣan ọ̀tún á fún pọ̀, ẹja á ká bíi lẹ́tà C, orí á ti kúrò níbi tí ewu wà kéèyàn tó ṣẹ́jú.

Ẹ ní kó dúró lẹ́sẹ̀ kan kó dijú, òkúta bẹ́ẹ̀ wà létí tiẹ̀ náà. Ẹ bá mi kí mama l'Ẹ̀pẹ́, tẹ́nì kan bá ń bọ̀, mi ò kọ ẹja yíyan o.